I. K. Dáíró àti Orin Jùjú: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olórin Kan

Bí a bá ń ka àwọn tí ó tún orin Yorùbá ṣe ní ọ̀rúndún ogún, ẹni tí ó bá fo orúkọ Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró kò tíì kà á tán. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, ṣùgbọ́n Ọ̀fà ni a gbé bí i ní ọdún 1930, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ rélùwéè gbé bàbá rẹ̀ dé. Owó kò jẹ́ kí ó ka ìwé jìnnà. Ó ṣe onígbàjámọ̀, ó kiri aṣọ, ó sì ṣe lébìrà. Síbẹ̀, kò fi ìlù sílẹ̀. Nígbà tí ó dé Ìbàdàn, ó bá Daniel Òjògé, ọ̀kan nínú àwọn àgbà olórin jùjú, ṣiṣẹ́, ó sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kí Dáíró tó dé ni jùjú ti wà. Láti àwọn ọdún 1930 ni Túndé King ti ń kọ ọ́ ní Èkó. Ẹgbẹ́ olórin ìgbà náà kò ju ènìyàn díẹ̀ lọ: oníbáńjò, onísẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti onílù jùjú. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè dé ọwọ́ àwọn olórin. Ẹ̀rọ yìí ni ó ṣí ọ̀nà fún gángan, nítorí pé kò tún lè bo ohùn gìtá àti ti akọrin mọ́lẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 1957, Dáíró dá ẹgbẹ́ Morning Star Orchestra sílẹ̀, èyí tí ó wá di Blue Spots. Ó mú àkọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, ó da orin ìjọ Aládùúrà pọ̀ mọ́ òwe àti ègbè, ó sì ń fi ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà kọrin láìtijú. Ní ayé ìgbà náà, alágbe ni ọ̀pọ̀ òbí ń pe olórin. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1963, Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè M.B.E. dá Dáíró lọ́lá, ẹnu sì ya àwọn tí ó ń fojú tín-ín-rín iṣẹ́ náà.

Ilé-iṣẹ́ Decca ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń gba orin rẹ̀ sínú àwo. Ní ọdún 1969, òun àti Haruna Ìṣọ̀lá, ọ̀gá olórin àpàlà, dá ilé-iṣẹ́ àwo STAR sílẹ̀, kí èrè iṣẹ́ olórin lè máa bọ́ sọ́wọ́ olórin.

Nígbà tí ìràwọ̀ Ebenezer Obey àti Sunny Adé yọ, òkìkí Dáíró rọlẹ̀, ó sì gbájú mọ́ iṣẹ́ ìjọ. Ṣùgbọ́n ní àárín àwọn ọdún 1990, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí owó lé kúrò ní ilé-ìwé ni ó di olùkọ́ ní yunifásítì! Ó kú ní ọjọ́ 7, oṣù Kejì, ọdún 1996.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni ìtàn yìí jẹ́ fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Ayétẹ̀ àti gbogbo Ìbàràpá. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Orin tí Dáíró bá nílé ni ó gbé dé òkè òkun; orin tí ó wà lẹ́nu àwọn àgbà Ìbàràpá ń dúró de ẹni tí yóò gbọ́ ọ, tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tó lọ.