Lẹ́tà Kan Tó Ń Ṣì Wá Lọ́nà

Agogo mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù tí ìròyìn náà fi dé orí tábìlì wa: bọ́ọ̀sì akérò kan takìtì lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n sì pe ìjàm̀bá náà ní ghastly. Àbúrò wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yàrá ìròyìn ló túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ohun tó sì kọ ni pé ìjàm̀bá ọkọ̀ tó gbẹ̀mí èèyàn wáyé. Mo yẹ ìwé náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án farapa, wọ́n ti gbé wọn lọ sí ọsíbítù. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti dárúkọ òkú. Mo ní, "Níbo lo ti rí ẹni tó kú?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ghastly ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ara ghost ló ti yọ. Tí kò bá sí òkú, wọn ò ní pè é ní ghastly."

Mi ò lè bá a wí, torí ohun tí wọ́n kọ́ èmi náà nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Àlàyé ọ̀hún rọrùn, ó sì dùn létí: ghost ni àkúdàáyà, nítorí náà ohun tó bá ti jẹ mọ́ òkú tàbí tó fara jọ òkú ni ghastly. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń fi kọ́ni títí dòní. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ní òkú nínú rárá. Ẹni tó wà láàyè, tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, tó fọwọ́ lérí, tí àyà rẹ̀ ń já, òun gan-an ni ghastly ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lẹ́tà h ni ẹlẹ́rìí tí àwọn tó gba àlàyé yẹn gbọ́ gbójú lé. Wọ́n á ní ẹ wò ó, ghost ní h, ghastly ní h, kò sì sí ẹni tó ń pe h náà nínú méjèèjì. Àbí kí ni wọ́n fi í síbẹ̀ ṣe bí kò bá ṣe ti ẹbí? Ẹ jẹ́ ká bi ẹlẹ́rìí yìí léèrè ìgbà tó dé.

Geoffrey Chaucer, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1400, lo ọ̀rọ̀ náà nínú ìtàn tó fi sẹ́nu akọni ẹlẹ́ṣin nínú The Canterbury Tales. Tẹ́ńpìlì Mars, òrìṣà ogun àwọn ará Róòmù, ló ń ṣàpèjúwe. Irin tí wọ́n dán ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọ̀nà àtiwọlé rẹ̀ gùn, ó sì há, ẹni tó bá fojú kàn án, ẹ̀rù á bà á. Gastly ni Chaucer kọ síbẹ̀, kò fi h kankan sí i. Bó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀mí èèyàn, goost ló máa ń kọ, h kò sí nínú ìyẹn náà. Lọ́wọ́ Chaucer, fáwẹ́lì ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀, ìtumọ̀ wọn yàtọ̀. Ẹ sì tún wo ohun tó pè ní gastly: ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà onírin, tí òkú kankan kò dúró níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ló bí i, gasten, èyí tó túmọ̀ sí kí á dẹ́rù ba èèyàn. Òun náà ti inú gæstan wá nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tó túmọ̀ sí kí á dẹ́rù bani tàbí kí á dá ni lóró. Wọ́n wá fi -ly kún ìdí gast, bí wọ́n ṣe ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ṣàpèjúwe. Shakespeare ṣì mọ ọ̀rọ̀-ìṣe náà dáadáa. Nínú eré King Lear, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1608, Edmund ń parọ́ mọ́ Edgar létí bàbá wọn, ó ní bóyá ariwo tí òun pa ló kó jìnnìjìnnì bá a tó fi sá lọ. Gasted ni ọ̀rọ̀ tó lò. Ariwo ló ní ó lé e, iwin kankan kò sí níbẹ̀.

Ta ló wá fi h sí i? William Caxton ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Westminster, ní 1476. Ó ti gbé ìlú Bruges pẹ́, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Flemish, gheest sì ni àwọn ìyẹn ń kọ fún ẹ̀mí. Bí h ṣe bá ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ wọlé nìyẹn. Kódà wọ́n fi h sí pẹ́pẹ́yẹ ńlá tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní goose, wọ́n kọ ọ́ ní ghoos. Ti pẹ́pẹ́yẹ kò dúró, ti ghost ló dúró. Láàárín 1500 sí 1600, àwọn tó rí gastly rò pé ọ̀rọ̀ náà bá ghost tan, ni wọ́n bá ran h sí i lára. Aṣọ ẹbí ni wọ́n dá fún un. Bí mo bá sì bá èèyàn méjì lóde ìnáwó tí wọ́n wọ ànkárá kan náà, mi ò lè torí ìyẹn sọ pé ìyá kan ló bí wọn.

Àwa tí a ń sọ Yorùbá ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé. Ẹ yọ àmì ohùn kúrò lórí ọkọ obìnrin, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ tó takìtì àti ọ̀kọ̀ jagunjagun, ẹ ó rí i pé bákan náà ni gbogbo wọn máa rí lórí ìwé. Ọmọ Yorùbá wo ló máa sọ pé ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá?

Mi ò ní fi apá kan òótọ́ pamọ́. Àwọn onímọ̀ èdè gbà pé tí a bá rìn jìnnà sẹ́yìn gan-an, gæstan àti gāst, tó di ghost lónìí, ṣeé ṣe kí wọ́n jọ ní orírun kan. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an kò gbe àlàyé ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀mí, tàbí èémí, ni gāst nígbà náà, ìdí nìyí tí Gẹ̀ẹ́sì fi ní Holy Ghost, tí àwọn Kristẹni wa ń pè ní Ẹ̀mí Mímọ́, ìdí sì nìyí tí ghostly father fi jẹ́ àlùfáà tí èèyàn ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún. Kò sí ìbẹ̀rù nínú ìyẹn. Nínú èdè Gothic, tí bíṣọ́ọ̀bù Wulfila túmọ̀ Bíbélì sí láàárín 300 sí 400, mọ̀lẹ́bí àwọn ọ̀rọ̀ yìí kan wà, usgaisjan. A rí i nínú ìwé Máàkù, orí kẹta, níbi tí àwọn èèyàn Jésù ti ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ìpayà àti ìdààmú ọkàn ló wà nínú ẹbí náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá tan, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Ghost kò bí ghastly.

Òótọ́ ni pé lẹ́yìn tí h ti wọlé, ìtumọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà síbi tí àṣìkọ ń fà á sí. Wọ́n ń fi ghastly pe ojú tó funfun bálaú bí ojú òkú. Lónìí, ará Ìlú Ọba lè fi pe òjò tí kò dá tàbí kọ́tìnì tí àwọ̀ rẹ̀ kò wù ú. Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, ìjàm̀bá ọkọ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á ní tiẹ̀ pátápátá, wọ́n ń so wọ́n pọ̀ nínú ìwé ìròyìn àti nínú ìkéde òkú bí ẹni pé orúkọ àti orúkọ bàbá ni. Ibẹ̀ ni àṣìṣe náà ti di ọ̀rọ̀ ńlá lójú mi. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún ìjàm̀bá tó pani, fatal ni. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ẹ̀mí bọ́, kó lo ìyẹn. Tí ghastly bá wà níwájú wa, ìjàm̀bá tó bani lẹ́rù ni, tàbí èyí tó kó jìnnìjìnnì báni, kí a sì jẹ́ kí iye àwọn tó farapa àti iye àwọn tó kú fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀.

Bí a ṣe tún un kọ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn: ìjàm̀bá ọkọ̀ tó bani lẹ́rù, èèyàn mẹ́sàn-án farapa, ẹnikẹ́ni kò kú. Àbúrò wa yìí ló kà á sórí afẹ́fẹ́. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Obìnrin kan ni, awakọ̀ ni ọkọ rẹ̀, ojú ọ̀nà yẹn ló sì ń ná lójoojúmọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tún ibi tó gbẹ̀yìn yẹn kà."