Ẹ̀rọ Adènà-Ìkọlù Ọkọ̀

Ẹ̀rọ adènà-ìkọlù ni irinṣẹ́ inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń ṣọ́ iwájú, tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ bí nǹkan bá sún mọ́ ọn jù, tó sì ń tẹ búrékì fúnra rẹ̀ bí awakọ̀ kò bá tètè tẹ̀ ẹ́. Ojú méjì ló sábà máa ń ní: kámẹ́rà lókè gíláàsì iwájú, tó ń dá ènìyàn àti ọkọ̀ mọ̀, àti rédà lẹ́yìn bọ́ńpà, tó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Òru kò dí rédà lójú. Kámẹ́rà ni ẹrẹ̀ àti oòrùn ń dà láàmú.

Orí omi ni èrò yìí ti wá. Lọ́dún 1904, Christian Hülsmeyer, ará Jámánì, ṣe ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi mìíràn wà nítòsí. Ẹni tó bá ti rí bí ọkọ̀ pẹlẹbẹ ṣe ń kó ẹrù wọ èbúté Kirikiri Lighter Terminal ní Èkó mọ ìdí rẹ̀: ọkọ̀ omi kò ní búrékì. Mercedes-Benz fi rédà sọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní 1999. Ti Honda ti ń tẹ búrékì fúnra rẹ̀ ní 2003. Láti oṣù Keje 2024, ẹ̀rọ yìí di dandan fún ọkọ̀ tuntun ní ilẹ̀ Yúróòpù.

Ní ti Èkó, tòkunbọ̀, ìyẹn ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun, ló ń gbé ẹ̀rọ yìí dé èbúté Àpápá, ojú rẹ̀ sì lè má pé. Bí wọ́n bá pààrọ̀ gíláàsì tàbí tún bọ́ńpà kùn láìtún ojú ẹ̀rọ tò, ó lè máa wo ọkọ̀ tó wà lọ́nà kejì. Rewáyà mìíràn á kàn pa iná ìkìlọ̀, ó parí. Èyí tó sì ń ṣiṣẹ́ ń ké ṣáá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2, nítorí ọ̀kadà tó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, títí awakọ̀ yóò fi pa á.

Ewu kan tún wà lójú ọ̀nà Èkó tí kò tilẹ̀ sí níwájú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2023, kọ̀ńtẹ́nà já lé bọ́ọ̀sì ní Ojúẹlẹ́gba, ènìyàn mẹ́sàn-án kú. Kámẹ́rà kankan kò lè dá ìyẹn dúró. Irin mẹ́rin tí wọ́n fi ń ti igun kọ̀ńtẹ́nà mọ́ ẹ̀yìn tírélà ló lè dá a dúró, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń tì í.