Ọkùnrin Tó Fi Ara Rẹ̀ Dán Iṣẹ́ Rẹ̀ Wò

Ní ọdún 2007, àwọn dókítà sọ fún Ralph Steinman pé jẹjẹrẹ ti wọ inú pancreas rẹ̀, ẹ̀yà ara kékeré tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ní irú jẹjẹrẹ yìí kì í lò tó ọdún kan. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kì í ṣe aláìsàn lásán o. Òun gan-an ló ṣàwárí sẹ́ẹ̀lì kan tó gbà pé ó lè kọ́ ara bí yóò ṣe bá jẹjẹrẹ jà.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọdún 1882, ní ìlú Messina ní Ítálì, Élie Metchnikoff, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà, dá wà nílé. Àwọn ará ilé rẹ̀ ti lọ wo àwọn ọ̀bọ tó ń dárà (èmi ì bá ti tẹ̀ lé wọn ní tèmi). Ó mú ẹ̀gún róòsì, ó fi gún ọmọ ẹja-ìràwọ̀, ẹ̀dá inú òkun tí ara rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti ṣù bo ẹ̀gún náà, wọ́n fẹ́ gbé e mì. Irú wọn wà lára àwa náà. Ìdílé tí wọ́n ń pè ní myeloid ni wọ́n ti wá, mùdùnmúdùn inú egungun ló sì ń bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Iṣẹ́ yìí ló gbé ẹ̀bùn Nobel fún Metchnikoff ní 1908.

Àmọ́ jíjẹ nìkan ò tó. Ta ló ń sọ fún àwọn ọmọ ogun ara tó kù pé ọ̀tá ti wọlé?

Ní ọdún 1973, Steinman àti ọ̀gá rẹ̀, Zanvil Cohn, ń wo sẹ́ẹ̀lì eku ní Rockefeller University ní New York. Wọ́n rí ọ̀kan tó yọ apá káàkiri bí ẹ̀ka igi. Wọ́n pè é ní dendritic, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí igi. Sẹ́ẹ̀lì yìí máa ń gé díẹ̀ lára kòkòrò àrùn, á gbé e lọ bá àwọn sẹ́ẹ̀lì T, bí ẹni tó gbé fọ́tò olè lọ fún àwọn ọdẹ àdúgbò: òun nìyí, ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣiyèméjì, torí sẹ́ẹ̀lì náà kò pọ̀, ó sì ṣòro láti yà sọ́tọ̀.

Jẹjẹrẹ wá nira nítorí pé kì í ṣe àlejò, ọmọ ilé ni. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí wọ́n fa irú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí láti inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, kí wọ́n fi àmì jẹjẹrẹ hàn wọ́n níta, kí wọ́n sì dá wọn padà sára rẹ̀. Ní 2010, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, sipuleucel-T, fún jẹjẹrẹ prostate. Nínú ìdánwò, ó fi nǹkan bí oṣù mẹ́rin kún ẹ̀mí àwọn tó gbà á. Iye rẹ̀ ní 2010: $93,000. Oṣù mẹ́rin kì í ṣe nǹkan kékeré lójú mi, owó yẹn ló ń bí mi nínú.

Steinman náà gbà abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ ṣe, pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ, oògùn jẹjẹrẹ àtàwọn ìdánwò mìíràn. Ó lo ọdún mẹ́rin àtààbọ̀. Ṣé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló gbà á? Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Bí mo bá yí nǹkan mẹ́jọ padà nínú kóòdù lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ṣiṣẹ́, èwo ni mo fẹ́ sọ pé ó tún un ṣe?

Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, 2011. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá, ìgbìmọ̀ Nobel kéde orúkọ rẹ̀, wọn ò mọ̀ pé ó ti kú. Òfin wọn ni pé a kì í fún òkú. Wọ́n tún òfin náà kà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí àwọn rò pé ó wà láyé nígbà táwọn yàn án, ẹ̀bùn náà ti di tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló lọ gbà á ní Stockholm ní oṣù Kejìlá.