Kànáàlì Òkè-Àfá àti Ẹ̀kọ́ Ìlúwẹ̀ẹ́

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 2002, iná mú ilé tí àwọn ọmọ ogun ń kó ohun ìjà sí ní Ìkẹjà, bọ́ǹbù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù-gbàmù. Àwọn òbí gbọ́mọ pọ̀n, ọ̀pọ̀ wọn sì sá gba ọ̀nà Ìsọlọ̀. Ilẹ̀ ti ṣú, ewéko sì ti bo ojú kànáàlì Òkè-Àfá débi pé àwọn tó ń sá rò pé ilẹ̀ ni. Ọgọ́ọ̀rọ̀ wọn, pàápàá obìnrin àti ọmọdé, ló bómi lọ. Àwọn tó kú nínú àjálù náà lé ní 1,000.

Òótọ́ ni pé nínú irú òkùnkùn àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, òmùwẹ̀ pàápàá lè rì. Síbẹ̀, ọmọdé Mákòókó ń tukọ̀ nítorí pé àwọn òbí rẹ̀ mú un mọ omi. Àwa tí a kọ́lé sẹ́bàá kànáàlì ńkọ́? “Má dé etí omi” nìkan ni ẹ̀kọ́ wa. Bẹ́ẹ̀, omi Èkó a máa wá ẹni tí kò wá a. Ẹ̀yin òbí Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ẹ wá ibi tí omi ti mọ́, tí kò sì jìn, kí ẹ kọ́ ọmọ yín lúwẹ̀ẹ́. Kí ìjọba náà má sì tún kó bọ́ǹbù sáàárín ìlú mọ́.