Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Àwòrán Wa Wà?

Bí kọ̀ǹpútà tuntun bá wọlé, ìbéèrè kan kì í pẹ́ jáde: kí ni ká fi máa yàwòrán lórí rẹ̀? Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ kò ju méjì lọ, CorelDRAW tàbí Photoshop. Ẹni tó dáhùn lè má mọ ìdí. Ohun tó bá lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ló sọ. A fẹ́ tọ ìtàn àwọn ètò ìyàwòrán wọ̀nyí lẹ́sẹ̀ díẹ̀ kí a tó dá sí ọ̀rọ̀ náà, nítorí ìtàn yẹn fi yé wa pé ẹwà iṣẹ́ nìkan kọ́ ló yẹ ká wò. Ó yẹ ká wo ẹni tí kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ náà máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún.

Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ló là á. Ní 1963, Ivan Sutherland, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ní MIT ní Amẹ́ríkà, fi ètò kan tó pè ní Sketchpad ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Kálàmù oníná ló fi ń fa ìlà sójú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n TX-2, kọ̀ǹpútà tó lò, kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè gbé sínú pálọ̀. Ó lé ní ogún ọdún kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó di ohun tí a ń bá nílé àwọn ènìyàn. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1984, Apple gbé Macintosh jáde ní $2,495, MacPaint tí Bill Atkinson kọ sì bá a wá. Dúdú àti funfun nìkan ni ojú rẹ̀ mọ̀, síbẹ̀ pẹ́ńsù, búrọ́ọ̀ṣì, ohun ìpàwérẹ́ àti garawa ọ̀dà ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣí Paint lórí Windows lónìí, àwọn ọmọ ìyá wọn ló ń rí.

Ọdún 1985 ló kọ́ wa lọ́gbọ́n jù. Ní oṣù Agẹmọ ọdún náà, ilé-iṣẹ́ Commodore fi kọ̀ǹpútà Amiga han aráyé ní New York. Wọ́n pe gbajúgbajà ayàwòrán, Andy Warhol, sórí ìtàgé, ó sì fi ẹ̀rọ náà ya àwòrán akọrin Debbie Harry lójú gbogbo èrò. Warhol tún fúnra rẹ̀ ya àwọn mìíràn, ó fi wọ́n pamọ́ sínú dísìkì. Ó kú ní 1987. Àwọn dísìkì náà wà ní mùsíọ́ọ̀mù rẹ̀ ní Pittsburgh, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí ohun tó wà nínú wọn. Ètò tí Warhol lò kò tíì délẹ̀ lọ́jà nígbà tó fi ń yàwòrán, ọ̀nà tó ń gbà fi fáìlì pamọ́ sì ṣàjèjì sí àwọn ètò òde òní. Ọdún 2014 ni a tó gbọ́ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Carnegie Mellon ti rí ọ̀nà ṣí wọn. Agolo ọbẹ̀ Campbell àti Venus olójú mẹ́ta wà lára ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Odidi Warhol, iṣẹ́ rẹ̀ wà ní àtìmọ́lé fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún!

Ní ọdún 1985 yẹn kan náà, fún Amiga kan náà, Electronic Arts gbé Deluxe Paint tí Dan Silva kọ jáde. Jerry Morrison, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kọ ìlànà bí fáìlì àwòrán ṣe gbọ́dọ̀ rí sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde kí ẹnikẹ́ni lè lò ó. Nítorí èyí, bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan bá fi Deluxe Paint ya ewúrẹ́ ní 1986, tí dísìkì rẹ̀ kò sì bàjẹ́, àwọn ètò ọ̀fẹ́ wà lónìí tó lè ṣí i. Ọmọ náà kò lẹ́bùn ju Warhol lọ. Ìlẹ̀kùn tirẹ̀ ni wọn kò tì.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn orúkọ tí a mọ̀ jù dé. CorelDRAW jáde láti Ottawa ní Kánádà ní 1989. Photoshop bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ Thomas Knoll, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Michigan, pẹ̀lú John àbúrò rẹ̀. Adobe gbé e jáde ní oṣù Èrèlè 1990. Iṣẹ́ gidi ni méjèèjì. Ẹni tó bá dé Ṣómólú ní Èkó, níbi tí ilé ìtẹ̀wé pọ̀ bí eèrùn, á rí i pé CorelDRAW ni èdè àdúgbò. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, káléńdà, ìwé ètò ìsìnkú, báńà ìbò, inú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń jáde. A kò ní bá ẹni tó ń fi í jẹun jà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìlẹ̀kùn wọn. Fáìlì tí a fi CorelDRAW tuntun pamọ́ kì í ṣí nínú ti àtijọ́, àfi bí ẹni tó yà á bá rántí sọ ọ́ di ti àtijọ́ kó tó fi í ránṣẹ́. Ní 2013, Adobe kéde pé ẹ̀dà tuntun kò ní sí fún ẹni tó fẹ́ san owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́. A ó máa san án lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún ni. Bí owó bá tán lápò, ìlẹ̀kùn tì. Dọ́là ni wọ́n ń rò, náírà ló wà lọ́wọ́ wa, ìdí nìyẹn tí crack fi gba ìgboro kan. Crack kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Kòkòrò kọ̀ǹpútà máa ń bá a wọlé, ẹni tó sì fẹ́ fi iṣẹ́ náà dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ tó máa fi dúró.

Ọ̀nà mìíràn wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló tún là á. Ní 1995, Spencer Kimball àti Peter Mattis ní Yunifásítì California ní Berkeley bẹ̀rẹ̀ sí í kọ GIMP, wọ́n sì gbé e síta fún gbogbo ènìyàn ní 1996. Motif, ohun èlò tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ojú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀fẹ́, nítorí náà wọ́n kọ tiwọn, wọ́n pè é ní GTK. Orí GTK yìí náà ni a kọ́ Inkscape lé ní 2003. SVG ni Inkscape fi ń pa iṣẹ́ mọ́, ìlànà gbangba tí àjọ W3C fọwọ́ sí ní 2001. Ìlà ni SVG ń kọ sílẹ̀, a sì lè fi ètò ìkọ̀wé lásán ṣí i, ká ka ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ọmọ ẹ̀ka Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Nínú Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn, ṣùgbọ́n ọ́ àti ọ̀ kò ní. Ọ ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀, ká tó gbé àmì ohùn lé e lórí. Bí ètò tàbí fọ́ńtì kò bá mọ ètò yìí, àmì á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó di àpótí òfìfo. Ayàwòrán tó ń kánjú á kúkú yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni pósítà ṣe ń jáde tí a kò mọ̀ bóyá ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ tàbí ọ̀kọ̀ ni wọ́n ń pè wá wá wò. Inkscape àti GIMP máa ń gbé àmì wa sí ipò rẹ̀ bí fọ́ńtì bá dára. Charis SIL àti Gentium dára, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n.

Èrò wa rèé. Fún pósítà àti ìwé ìpè, ẹ gbé Inkscape. Fún fọ́tò, GIMP. Ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ kun ọ̀dà bí ayàwòrán gidi, Krita ni tirẹ̀. Àwọn àbúrò wa kékeré, ẹ fún wọn ní Tux Paint. A mọ̀ pé kò sí èyí tí kò ní àléébù: ilé ìtẹ̀wé ń lo íńkì mẹ́rin, Inkscape kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ nípa ìyẹn, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ atẹ̀wé kí ẹ tó parí iṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ gbaṣẹ́ ní Ṣómólú, kó kọ́ CorelDRAW mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ètò yòówù kí ẹ lò, ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ ní SVG tàbí PNG, kí ẹ sì fi PDF ránṣẹ́ sí atẹ̀wé. Kí ẹ tó pinnu rárá, ẹ tẹ “ọ̀gẹ̀dẹ̀” sínú rẹ̀. Ètò tí kò bá lè kọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tíì yẹ fún pósítà Yorùbá.