Orin Ẹrú Lórí Tẹlifíṣọ̀n Bùràsíìlì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré orí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń wọ èèyàn lára. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a lè má fetí sí i rárá. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, àwa náà á ti máa kọ ọ́ nídìí abọ́ tá à ń fọ̀. Ìbéèrè mi nínú àròkọ yìí ni pé: tí orin bá ti mọ́ wa lẹ́nu tán, ṣé a ṣì ń gbọ́ ohun tó ń sọ?

Àpẹẹrẹ tí mo mú ni Escrava Isaura, ìyẹn "Isaura Ẹrúbìnrin". Rede Globo ló gbé eré yìí jáde ní Bùràsíìlì láti oṣù kẹwàá ọdún 1976 títí di oṣù kejì ọdún 1977. Gilberto Braga ló kọ ọ́, láti inú ìwé ìtàn tí Bernardo Guimarães tẹ̀ jáde ní 1875. Apá 100 ni eré náà. Ẹni tí kò pa ọjọ́ kan jẹ á gbọ́ orin yẹn nígbà 100.

"Retirantes" ni orúkọ orin náà. Dorival Caymmi àti Jorge Amado ló ṣe é. Ọmọ Bahia ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì joyè láàárín àwọn Ọba Ṣàngó ní Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, ní Salvador. Orin náà sọ bí ayé ṣe le fún èèyàn dúdú. Bó ṣe ń lọ, wọ́n ń fi àwòrán àwọn ẹrú hàn, èyí tí Debret, ará Faransé tó dé Bùràsíìlì ní 1816, yà. Ègbè orin yìí kò ní ìtumọ̀ kan pàtó. Ohùn kúkurú lásán ni, tí ọmọdé lè tètè dì mú.

Ìjọba ológun ló wà lóde nígbà náà. Braga fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba kò fẹ́ kí wọ́n máa dárúkọ "ẹrú" nínú eré. Ó wá fi peça rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ẹyọ ọjà kan. Ohun mìíràn ni pé aláwọ̀ funfun ni Isaura, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹrú. Nítorí náà, ìyà èèyàn dúdú kọ́ ló wà láàárín gbọ̀ngàn eré yìí. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbé e sí, nínú orin.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ègbè yẹn di àṣà ọ̀rọ̀. Tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún ará Bùràsíìlì kan, á kọ ègbè náà, àwọn tó wà ńbẹ̀ á sì rẹ́rìn-ín. Kódà, àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà eré yẹn mọ̀ ọ́n.

Ní tèmi, gbígbọ́ lójoojúmọ́ ló jẹ́ kí orin yìí pẹ́ láyé, òun náà ló sì sọ ẹkún inú rẹ̀ di àwàdà. Ẹni tó ń fi ègbè náà ṣẹ̀fẹ̀ ní ọ́fíìsì kò purọ́, iṣẹ́ ti sú u lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́, òun á lọ sílé. Àwọn tí orin náà ń sọ̀rọ̀ wọn kò níbi tí wọ́n ń lọ.