Ìka àti Ẹsẹ̀: Bí Géèmù Bọ́ọ̀lù Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí Í Jọ Bọ́ọ̀lù Gidi

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ William Higinbotham ṣe géèmù tẹníìsì kan sí ilé ìwádìí Brookhaven ní ìpínlẹ̀ New York, kí àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá wo ibẹ̀ lè rí nǹkan fi dára yá. Ojú ẹ̀rọ náà kéré, kò sì sí àwòrán ènìyàn kankan níbẹ̀: ìlà kan dúró fún ilẹ̀, ìlà kúkúrú kan dúró fún àwọ̀n, àmì tó ń tàn ni bọ́ọ̀lù. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà ń ṣírò bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ sókè àti bí ó ṣe ń já bọ̀. Ẹni tó ń gbá a yóò yí kókó kan láti yan ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù máa gbà, yóò sì tẹ bọ́tìnì lásìkò. Ìrìn bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ jọ òtítọ́ nínú irú géèmù báyìí, tipẹ́tipẹ́ kí àwòrán tó dé.

Pong, tí ilé iṣẹ́ Atari gbé jáde ní 1972, kò tilẹ̀ bìkítà fún bí nǹkan ṣe ń já wálẹ̀. Allan Alcorn tó ṣe é pín pátákó tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù sí ọ̀nà 8: bọ́ọ̀lù tó bá kan àárín rẹ̀ á padà lọ tààrà, èyí tó bá kan etí rẹ̀ á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ṣe ń gbá a pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ń yára sí i. Kò fi bẹ́ẹ̀ jọ tẹníìsì, àmọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀gá àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ hàn kedere.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ènìyàn 11 ló wà lẹ́gbẹ́ kan, ẹyọ ẹnì kan sì ni ẹni tó di páàdì mú ń darí lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù ni. Dino Dini já a kúrò lẹ́sẹ̀ nínú géèmù rẹ̀, Kick Off, tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1989. Bí agbábọ́ọ̀lù bá ṣẹ́rí padà lójijì, bọ́ọ̀lù á máa lọ síbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀. Géèmù náà nira gan-an, ìnira yẹn sì ni ẹwà rẹ̀, torí lórí pápá gidi náà, ẹni tí kò bá tíì kápá bọ́ọ̀lù kò lè fi í dá àrà kankan.

Sensible Soccer tẹ̀ lé e ní 1992. Àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kéré débi pé apá tó pọ̀ nínú pápá ń hàn, èyí sì mú kí páàsì gígùn ṣeé fojú wá. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbá a. Lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lẹ́sẹ̀, ẹni tó ń gbá a ṣì lè tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún tàbí sósì nínú afẹ́fẹ́. Kò sí ẹsẹ̀ ènìyàn tó lè ṣe èyí, ṣùgbọ́n irọ́ kékeré yìí gan-an ló jẹ́ kí ìka lè dárà tí ẹsẹ̀ akọni ń dá.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Electronic Arts gbé FIFA International Soccer jáde ní ìparí 1993, àwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ fi gba ọkàn àwọn èèyàn: ariwo òǹwòran ń dún, pápá ń hàn láti igun kan lókè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ dúró síwájú aṣọ́lé nígbà tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ gbá lè jẹ gólì ọ̀fẹ́. Nígbà tí FIFA 96 dé, orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi ti wọ inú rẹ̀. Konami ní ilẹ̀ Japan gba ọ̀nà mìíràn. Shingo Takatsuka àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní àṣẹ láti lo orúkọ ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀bù, orúkọ àdàpè ni wọ́n ń fún wọn, ṣùgbọ́n nínú Winning Eleven àti Pro Evolution Soccer, bọ́ọ̀lù wúwo bó ṣe yẹ, páàsì tí a tì sáàárín àwọn adílémú sì ń gba òye. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí ni àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù dunjú ń yàn.

Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbábọ́ọ̀lù tún dá kún ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó gbá Pro Evolution Soccer 6 ní 2006 kò lè gbàgbé Adriano ará Brazil, tí nọ́ńbà rẹ̀ mú kí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ máa ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n láti òkèèrè. Bí nọ́ńbà bá gba gbogbo iṣẹ́, ìka di aláìwúlò. Bí ìka bá sì gba gbogbo rẹ̀, atamátàsé àti adílémú á di ọ̀kan náà. FIFA 12 fa okùn náà padà sọ́wọ́ ìka ní 2011. Tẹ́lẹ̀, bí èèyàn bá ti tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀, adílémú á sáré fúnra rẹ̀ lọ gba bọ́ọ̀lù. Nínú FIFA 12, ó di dandan kí èèyàn fojú sùn ún, kí ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ó gbẹ́sẹ̀; ẹni tó bá kánjú, wọ́n á gbà á kọjá. Ọ̀pọ̀ ló ráhùn, ìlànà àtijọ́ sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

Iyèméjì nípa ta ló ń darí eré gan-an, ìka ni tàbí kọ̀ǹpútà, kò tán. Ní 2020, àwọn kan pe Electronic Arts lẹ́jọ́ ní California pé kọ̀ǹpútà ń dọ́gbọ́n yí bí eré ṣe le tó padà láàárín ìdíje. Ilé iṣẹ́ náà sẹ́, àwọn tó pè é lẹ́jọ́ sì fa ẹjọ́ náà padà ní 2021. Lọ́dún yẹn kan náà ni FIFA 22 jáde pẹ̀lú ìrìn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lára agbábọ́ọ̀lù 22 tó wọ aṣọ ẹ̀rọ nínú ìdíje gidi. Ìdíje tí wọ́n gba ìrìn rẹ̀ fún EA Sports FC 24 ní 2023 sì lé ní 180, tọkùnrin tobìnrin. Síbẹ̀, ààyè ṣì wà láti yan bí kọ̀ǹpútà ṣe máa ranni lọ́wọ́ tó. Ẹni tó bá pa ìrànlọ́wọ́ páàsì pátápátá, ibi tí ìka rẹ̀ tọ́ka sí gan-an ni bọ́ọ̀lù ń lọ, ì báà má sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kankan níbẹ̀.